Ẹni tí Ìyáàfin Níyìọlá Ń Rojọ́ Fún

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ta ni ẹ ń sọ ìṣòro tiyín fún?"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Tómisìn kó tó mọ̀. Ìyáàfin Níyìọlá, agbaninímọ̀ràn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Òṣogbo, yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tìẹ ná."

Ọdún 1993 ni. Tómisìn ń sùn ní kíláàsì, bí wọ́n bá sì pè é, ẹkún ni. Àwọn olùkọ́ ti kọ̀wé pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú, kí wọ́n dá a padà sílé. Ìyáàfin Níyìọlá nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí i. Kò bi ọmọ náà ní ohun tó ń ṣe é. Ó ní, "Ta ló ń pọnmi nílé yín? Ta ló ń sùn kẹ́yìn?"

"Èmi ni, mà."

Ló bá tẹ̀ lé e lọ sílé wọn ní Òkè-Baálẹ̀. Ìyá àgbà Tómisìn, olóòṣà Ọ̀ṣun, wà lórí ìdùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, etí rẹ̀ ti di. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti di onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Nítorí ìkòkò Ọ̀ṣun tó wà ní igun yàrá, wọn kì í wọlé tọ̀ ọ́. Tómisìn nìkan ló ń wẹ̀ fún un, tó ń fún un lóúnjẹ.

Ìyáàfin Níyìọlá, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Iléṣà, ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá.

Silas, àkọ́bí ìyá náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ò rí ìkòkò yẹn ni?"

"Mo rí i, sà. Ìyá yín ni mo wá wẹ̀ fún, kì í ṣe ìkòkò."

Ojú ti Silas àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n pín ọjọ́ ìtọ́jú ìyá wọn láàárín ara wọn. Jímọ̀ọ́ ni kò sẹ́ni tó gbà; àwọn kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ń lọ ìṣọ́ òru. Ìyáàfin Níyìọlá ní òun á máa yà kí òun tó wọkọ̀ Iléṣà. Tómisìn wá ń rí oorun sùn, wọn kò sì dá a padà mọ́.

Ọdún márùn-ún ni Ìyáàfin Níyìọlá fi ń wá, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, bó ti wù kí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ti dé lọ́jọ́ náà pọ̀ tó.

Nígbà tí ìyá àgbà kú, Tómisìn ti ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bá Ìyáàfin Níyìọlá tó jókòó sórí ibùsùn ìyá àgbà tó ti ṣófo.

"Tómisìn, o bi mí ní nǹkan kan rí."

"Mo rò pé ẹ ti gbàgbé, mà."

"Ìyá àgbà rẹ ni. Jímọ̀ọ́ gbogbo, bí mo bá ti ń wẹ̀ fún un ni mo ń rojọ́. Kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n á di ọwọ́ mi mú títí màá fi sọ ọ́ tán."