"Well Done" Ti Sọ̀fíyátù

Ọdún mọ́kànlá ni Sọ̀fíyátù fi ránṣọ ní Lomé kó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìbàfò, Faransé tó kó bọ̀ sì pọ̀ ju aṣọ lọ. Ẹni tó bá ní kó bá òun tú Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ gbà: "Ta ló ń sọ ọ́? Ta ló ń sọ ọ́ fún?" Ó ní "sorry" tí à ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, bí a bá tú u sí "pardon", a ti jẹ́wọ́ pé àwa la gbẹ́sẹ̀ dínà fún un nìyẹn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbàgbé láti béèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Qudrah tó ń dáná fún àwọn òyìnbó Faransé ní Mowe ti wá bi í ní "well done" ti ẹran sísun. "Bien cuit" ló kọ́ ọ, ìyẹn ni pé ẹran ti jinná dáadáa. Kò pẹ́ sí i ni Yaqub wẹ́dà pè láti ibùdókọ̀. Bàbá Afi, ọmọ Lomé tí Yaqub fẹ́ fi ṣaya, ló lọ pàdé níbẹ̀. Bí bàbá yìí bá kọ̀, ìgbéyàwó ti forí ṣánpọ́n.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe 'well done' ní French? Sharp sharp, wọ́n ti ń bọ́ọ́lẹ̀!"

"Bien cuit," ni Sọ̀fíyátù wí, ó bá ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí òwú já ló tó rántí pé kì í ṣe ẹran ni Yaqub lọ pàdé. Ó sáré lọ sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Ó ti bọ́. Yaqub ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá kan tí oòrùn ti pa láti Lomé, tí òógùn ń ṣàn lórí rẹ̀ tó pá. "Papa, bien cuit!" ló ń pariwo. Bàbá ń fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ wò, bóyá lóòótọ́ ló ti jinná.

Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀, ó fi Faransé ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀ títí, kó tó kọjú sí Yaqub.

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ sọ fún wọn gan-an?"

"Mo kàn fẹ́ kí wọn kú ìrìn ni, mà."

"Ẹ kú ìrìn lásán, lo wá gba London lọ sí Lomé! Kí ló dé tí o ò fi Yorùbá bi mí? 'Bonne arrivée' ni!"

Bàbá wo Yaqub nílẹ̀ níbẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan. Sọ̀fíyátù bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ má pa mí, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti fún ọ ní Afi. Àmọ́ ìwọ lo ṣì tútù. Ká dá ọ padà sórí iná títí di Iléyá."