Bàbá Téèpù àti Irun Ológbò

Ohun tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí Bàbá Téèpù ni ọjọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹran ọ̀sìn, tó kúnlẹ̀ síwájú òpó kan tí wọ́n fi okùn wé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ara rẹ̀ họ ọ́. Ológbò ni wọ́n ṣe òpó yìí fún, kó lè ríbi họ, kó sì yéé fa àga ya. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù bi í pé kí ni Bàbá ń wá. Ó ń họ ọ́ lọ títí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ fi ṣẹ́. Ó wá dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó ní, “Okùn yìí lágbára. Ẹ bá mi dì í.”

Télọ̀ ni, ó sì fi bí ogójì ọdún rán kóòtù. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò gba ohunkóhun gbọ́ tí kò bá tíì wọ̀n ọ́n, ó sì lórí kunkun débi pé ó wọn ibùsùn nílé ìwòsàn kó tó gbà láti dùbúlẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, òun àti ológbò ìyàwó náà kì í wo ojú ara wọn. Ìyàwó kú, ológbò ṣẹ́kù. Àwọn aládùúgbò ní kó fi tọrẹ. Ó ní àwọn méjì péré ló kù tó mọ bí obìnrin náà ṣe máa ń rìn nínú ilé yẹn, òun ò sì ní lé ẹnì kejì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn bí kì í bá ṣe ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ yẹn náà sì bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà. Irun ológbò lọ̀tá ọmọ yìí. Bó bá ti fà á símú, àyà rẹ̀ á há, á máa mí gúlegúle. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ Bàbá, ilé ìwòsàn ni wọ́n sáré gbé e lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà wá, ẹnu géètì ló dúró sí.

“Bàmi, ẹ yan ọ̀kan. Ológbò yìí, tàbí ọmọ mi.”

Bàbá ní, “Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.”

Òwe náà dára, àmọ́ ó bí ọmọ rẹ̀ nínú. Oṣù mẹ́jọ gbáko, ẹnu géètì ni ọmọ-ọmọ náà ti ń juwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti lọ tán, Bàbá á ṣì dúró síbẹ̀ fúngbà pípẹ́. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe èmi aládùúgbò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kunkun rẹ̀ ló fà á.

Bó ṣe di oníbàárà ṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn. Ó gbà pé ọjà kan gbọ́dọ̀ wà láyé tí yóò jẹ́ kí ológbò àti ọmọ jọ gbélé kan náà. Ó ra oríṣi iyanrìn mẹ́ta tí ológbò ń yàgbẹ́ sí, ó sì pe olùkọ́ fẹ̀yìntì tó ń gbé òdìkejì wá pé kó wá gbóòórùn wọn, kó sọ èyí tó sàn jù. Olùkọ́ náà gbóòórùn ẹyọ kan, kò sì wọ ilé yẹn mọ́ títí Bàbá fi kú.

Ó fẹ́ ra ibùsùn, kí irun lè máa wà lójú kan. Ó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ológbò nínú ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀: gígùn rẹ̀ bó bá nà, ìbú rẹ̀ bó bá ká, àti àkíyèsí kan nísàlẹ̀ pé oníbàárà yìí kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n gbé ibùsùn dé, ó bá ìwọ̀n mu rẹ́gí. Inú páálí tí wọ́n fi gbé e wá ni ológbò sùn.

Ló bá pinnu láti rán kóòtù fún un, kí irun má lè bọ́ sílẹ̀ rárá. Apá mẹ́rin, bọ́tìnnì mẹ́fà, ó tún fi aṣọ dídán sí i nínú. Bó ṣe wọ̀ ọ́ fún un tán ni ológbò ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ẹsẹ̀ gan-an, kò mira mọ́. Bàbá bú sẹ́kún. Dókítà ẹran sáré dé, ó yẹ ojú ológbò wò, ó tú bọ́tìnnì, ológbò sì dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Dókítà ní, “Bàbá, kò ṣàìsàn. Inú ló ń bí i.”

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wá yọ ọ́ níkẹyìn. Kí télọ̀ tó fún oníbàárà ní kóòtù dúdú, á fi àtẹ́lẹwọ́ tútù rá a, kí fọ́nrán òwú lè bá ọwọ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣèèṣì ṣe bẹ́ẹ̀ sára ológbò, irun sì kún ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ibọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ dán an wò, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń rẹ ibọ̀wọ́ sómi, tó ń rá ológbò lẹ́yìnkùlé. Ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ ọn. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó tú kọ́tìnnì. Nígbà tó kan àga tìmùtìmù ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wò ó kó tó ní kí wọ́n gbé e lọ. Télọ̀ wá ń gbé nínú ilé tí kò ní aṣọ kankan. Mo wọ pálọ̀ yẹn nígbà náà, ohùn wa ń dún padà lára ògiri.

Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà mú ọmọ tirẹ̀ wá, ó di oògùn tí ọmọ máa ń fà sẹ́nu mú lọ́wọ́, kò sì jókòó. Ọmọ-ọmọ jókòó sórí àga onígi. Bàbá fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká, ó ń wò bó ṣe ń wú àti bó ṣe ń lọ sílẹ̀, fún wákàtí kan gbáko. Kò sí ikọ́, kò sí gúlegúle. Ọmọ náà ní ebi ń pa òun. Ìyá rẹ̀ wá jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi wá bẹ́ẹ̀ kí Bàbá tó kú lójú oorun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó sọ fún obìnrin tó ni ín pé òun ti mú ológbò lọ sílé, pé yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ọmọ òun sì ń mí dáadáa. Oríṣi ibọ̀wọ́ rọ́bà márùn-ún tí wọ́n fi ń kó irun ẹran ọ̀sìn ló wà lórí àtẹ. Ó wò wọ́n títí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, èwo ló dáa jù níbẹ̀?”

“Ọmọ mi, mi ò lè parọ́ fún ọ. Bàbá rẹ ni à bá bi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. “Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dúró sẹ́nu géètì bàbá mi,” ó ní. “Mo rò pé ológbò ló yàn.”

Oníṣọ́ọ̀bù gbé àga fún un. Ó sọ ibọ̀wọ́ márààrún kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bu omi sínú abọ́, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò lára aṣọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.