Kọjá Ìdí Pèrègún

Ọkọ́ rẹ̀ kan òkúta, ó dún ganran, ó tún wọlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Ewé efinrin tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń ta sánsán, ìyá bàbá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó fi ọ̀já gba ìbàdí. Ọ̀la ni Iléyá. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ilé wa ní Ìlobùú lọ sí Ìfọ́n là ń ro.

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá náà, Ìlobùú ló ti relé ọkọ. Kò sẹ́ni tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ ọ̀nà yẹn. Àwa ń ro bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, àwọn náà ń ro bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwọn, títí dé ìdí pèrègún tó jẹ́ ààlà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dúró níbi pèrègún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á ro kọjá díẹ̀ sínú tẹnìkejì, bí ibi tí ọmọdé lè ju òkúta dé. Wọ́n ní ẹni tó ń jà ló ń dá iṣẹ́ dúró ní ojú ààlà. Ọ̀nà oko nìkan kọ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Iléyá, tọmọdé tàgbà á wọ aṣọ tuntun, wọn á máa gbafẹ́ bọ̀ láti ìlú méjèèjì, wọn á pàdé lábẹ́ igi ìyeyè tó wà nítòsí pèrègún. Àwọn àgbà á ta ayò, àwa á máa sáré ìje.

Àbúrò ìyá mi àgbà lóbìnrin ló ń ro bọ̀ láti Ìfọ́n. Kí a tó rí i, ìró ọkọ́ tirẹ̀ la máa ń gbọ́ láti ìhà kejì. Ìyá mi àgbà á dá ọkọ́ dúró, á tẹ́tí, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́jọ́ náà, àbúrò yọ, ó kúnlẹ̀ sínú ìrì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀ ń ro ni àbí ẹ̀ ń fárí? Ẹ wò ó bó ṣe rí gbágungbàgun, bí orí tí onígbàjámọ̀ afọ́jú fá."

"Ìwọ tó ń sùn! Mo ro tèmi tán, mo tún bá ọ ro tìẹ."

"Ẹ máa ro ó. Ìyàwó ilé ni yín, kí lẹ tún fẹ́ ṣe?" Ó yíjú sí mi. "Ọkọ mi, ṣé ìyàwó rẹ yìí fún ọ lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó jáde?" Kí n tó dáhùn, ó ti tú ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́ láti etí ìró rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbóná láàárín ìlú méjèèjì. Ibi tí èèyàn bá ti fi ọkọ́ kàn, wọn á ní ó fẹ́ gbà á ni. Baálé wa pe ìyá mi àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ìyàwó, má ro kọjá pèrègún mọ́. Wọ́n á ní àwa la rán ọ wá gbalẹ̀."

"Bàbá, ẹsẹ̀ ni mo ń ro ó fún."

"Mo mọ̀. Àwọn ò mọ̀."

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ní òun ti gbọ́. A gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún àbúrò rẹ̀ ní Ìfọ́n. Olúkúlùkù wá ń dúró níbi ààlà, nígbà tó yá, wọn ò débẹ̀ mọ́ kí ojú má baà rí wọn. Kò sẹ́ni tó dí ọ̀nà. Kò pẹ́ náà ni eèsún ga ju èèyàn lọ láàárín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníkẹ̀kẹ́ kan mú ìròyìn wá pé àbúrò ti kú. Ìyá mi àgbà fa ìró, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e lọ sí ọ̀nà tó mọ̀. Mo sá tẹ̀ lé e. Ó dé ibi tí a ro dé, ó fi ọwọ́ ya koríko, eèsún ń ya á lápá, kò rí ibi gbà. A padà, a lọ dúró de ọkọ̀ ní ọ̀nà ọ̀dà tó yí po. Kí a tó dé Ìfọ́n, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ṣì tutù. Ìyá mi àgbà ń wo apá rẹ̀ tó bó.

"Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ro ó," ló wí. Títí ó fi kú, bí òjò bá ti ń rọ̀, gbólóhùn yẹn nìkan ló máa ń sọ.

Nígbà tí mo ti yunifásítì dé, mo lọ wá ọ̀nà náà. N kò rí ojú rẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì bá ara wọn sọ ọ́ lórí fóònù pé kí a la ọ̀nà náà padà, kí àwọn èèyàn lè máa rìn níbẹ̀ fún ìdárayá. Àwọn tiwa ní kí n wá fi ibi tó gbà hàn wọ́n. Inú mi dùn. Wọ́n fi àdá àti ẹ̀rọ ìgéko ṣán an títí a fi rí pèrègún, ó ti di igi ńlá. Wọ́n dúró.

"Ẹ kọjá díẹ̀ sí i," mo wí.

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a wá gbalẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ là ń ro ó fún."

"Àwa mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Àwọn ńkọ́?"

Àwọn ti Ìfọ́n náà ṣán tiwọn lọ́jọ́ mìíràn, àwọn náà sì dúró. Koríko ṣì wà láàárín. Eékún àgbà kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ro ó fúnra mi.

Iwájú ilé mi nìkan ni agbára mi ká. Bí mo bá ń gbá a láàárọ̀, mo máa ń gbá a kọjá dé iwájú ilé aládùúgbò. Nígbà míì mo máa ń dá ìgbálẹ̀ dúró níbẹ̀, kí n tẹ́tí bóyá ẹnìkan ń bọ̀ láti ìhà kejì.