Mo ti bọ́ lọ́wọ́ rìsíìtì

Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má tún bi mí léèrè rìsíìtì sìmẹ́ńtì mọ́. Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn ti sú mi tipẹ́. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń kọ rìsíìtì, tí eruku sìmẹ́ńtì ń kún mi nímú.

Nígbà tí mo sọ fún Alhaji, ọ̀gá mi, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, sà. Mo ti ń fi kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, pamọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti gbèrú. Òun ni mo fẹ́ máa ná."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ relé, mò ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń wà á bi mí pé ṣé mo fẹ́ ṣègbéyàwó ni.

Mi ò mọ̀ pé Alhaji ti pe Daddy mi. Ẹnu ọ̀nà ilé ni mo bá Daddy.

"Ṣé òótọ́ ni pé o ò níṣẹ́ mọ́?"

"Òótọ́ ni, sà."

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n kàn mi orí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ wa tó wà lóko Ojoku ti tó hú, mi ò sì rẹ́ni bá mi lọ. Tètè múra láàárọ̀ ọ̀la."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Daddy ò rẹ́rìn-ín. Mummy ti gbé bàtà òjò síta fún mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi ṣì ń dùn o. Ṣé kí n tẹ̀ lé wọn ni, àbí kí n sọ fún Daddy pé ọjà kírípítò kì í tì, mi ò ní ráàyè?