Ìṣẹ́jú Méje tí Mi Ò Gbọ́

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Yẹ̀kínì ni mo fẹ́ kọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ojú tì mí tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Bọ̀dá Yẹ̀kínì ni ládàánì mọ́sálásí wa ní ọ̀nà Àdó, ní Ajah. Òun ló ń pe ìrun. Ọmọ apẹja ni. Bàbá rẹ̀ ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà ní ìhà Bàdóre títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n da iyanrìn sí ọ̀sà náà, tí wọ́n kọ́ ilé olówó sórí rẹ̀, Bọ̀dá Yẹ̀kínì wọ aṣọ aṣọ́nà, ó lọ jókòó sí géètì ẹ̀sìteètì kan. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ibi tí bàbá mi ti ń mú obokún, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣílẹ̀kùn fún jíìpù." Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdírì ló ti fi iléèwé sílẹ̀.

Ìdílé kan nínú ẹ̀sìteètì náà ń kó lọ sí Kánádà, wọ́n ní kó bá àwọn da páálí kan nù. Ó ṣí i, ìwé ló kún inú rẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìwé ìtàn òyìnbó irú èyí tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọmọ tó ń bàlágà. Ó tọrọ wọn, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Kò mọ̀ pé ìwé ọmọ ni. Ìgbà tó ti ka mẹ́ta tán ni ọmọ kan níbẹ̀ rí i lọ́wọ́ rẹ̀, tó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kà kó tó wọ yunifásítì nìyẹn!"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ gbọ́n," ni Bọ̀dá Yẹ̀kínì wí. "Bá mi kí i."

Oríṣi méjì ló pín àwọn ìwé náà sí: ìlú tó dàrú, àti òkú tó ń rìn. Ìlú tó dàrú ni ìtàn ayé ẹ̀yìn ọ̀la, níbi tí ìjọba ti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ èèyàn, tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan á wá dìde bá wọn jà. Òkú tó ń rìn ni ti iwin, ti amùjẹ̀, ti ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ẹni tó ti kú. Tó bá ka ọ̀kan tán, á gbé fóònù rẹ̀, á ròyìn ìwé náà ní Yorùbá, á sọ ibi tó dáa àti ibi tí òǹkọ̀wé ti purọ́, á fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wọ́sáàpù kan tó pè ní Ìwé Ẹnu Géètì. Àwọn awakọ̀ àti àwọn agbọ́únjẹ inú ẹ̀sìteètì ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa wọlé. Ọmọ mi Rọ̀kíbátù, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà nínú wọn.

Ẹ̀bà ló fi ń díwọ̀n ìwé. Tó bá ní, "Ìwé yìí mú ẹ̀bà mi tutù lẹ́ẹ̀mejì," a jẹ́ pé ìwé náà dùn dé góńgó. Ìwé iwin kan wà tó ní gbígbóná lòun jẹ ẹ̀bà òun tán. "Iwin yìí ti kú láti igba ọdún. Ó lè fò lọ sí Mẹ́kà láìgba físà! Ilé ìkàwé iléèwé ló jókòó sí, tó ń fọwọ́ kan irun ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi bi í bóyá kò níṣẹ́ ni."

Rọ̀kíbátù á rẹ́rìn-ín títí á fi fọwọ́ di ikùn. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ iwin, ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ó ṣe tán, ẹni tó ń pe ìrun wa ni.

Aṣọ iléèwé ni mo ń rán nítòsí gáréèjì Ajah, ní òpin ọ̀sẹ̀ mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ògún, Rọ̀kíbátù gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó jáde lọ ra òwú. Ohùn Bọ̀dá Yẹ̀kínì ń lọ nínú rẹ̀. Ìwé kẹtàlá ló ń ròyìn. Ó ní ìlú kan wà tí wọ́n máa ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára ọmọ tuntun. Àwọn àgbà ìlú á ka ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á kọ gbogbo ohun tí ọmọ náà máa ṣe láyé sínú ìwé, wọ́n á tì í pa. Ọjọ́ tí ọmọ bá pé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n á ṣí ojú ewé tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá ṣí tirẹ̀, ó bá a níbẹ̀ pé ọwọ́ òun ni ikú àbúrò òun máa ti wá.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni ohùn náà wí. "Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ kí n tó dáyé, ta lẹ fẹ́ bá wí? Èmi tí mo ṣe é, àbí ẹni tó kọ ọ́?"

Mo pa fóònù náà. Ìṣẹ́jú méjì ni mo gbọ́ nínú mẹ́sàn-án.

Mo bí ọmọkùnrin kan ṣáájú Rọ̀kíbátù, Quadri lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀. Mo fi àgbo tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo ń retí kí ara rẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, dókítà ní a pẹ́ jù. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé kádàrá ni, Ọlọ́hun ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Mo ṣì gbà. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé, tí mo bá ti forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ìbéèrè kan á dìde: tó bá jẹ́ pé Ó ti kọ ọ́, kí ló dé tí ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi? Tí kò bá sì kọ ọ́, kí ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe? Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní bàbá Rọ̀kíbátù pàápàá. Ẹ wá wo ọkùnrin tó ń gbé e jáde báyìí lórí fóònù ọmọ mi, bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Lọ́jọ́ kejì, tí a pàdé fún àsàlátù, mo lọ bá Àáfáà Lateef, lémọ́ọ̀mù wa. Mo ní Bọ̀dá Yẹ̀kínì ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé kò sí kádàrá.

"Yẹ̀kínì? Yẹ̀kínì tiwa yìí?"

"Òun ni, sà. Ó wà lórí fóònù."

"Ìyá Rọ̀kí, ṣé ẹ gbọ́ ọ tán?"

"Mo gbọ́ ọ tán, Àáfáà."

Irọ́ nìyẹn. Fóònù alátẹ̀ kékeré tí kò ní Wọ́sáàpù ni Àáfáà ń lò, kò lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sì gbà mí gbọ́, nítorí èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e.

Wọ́n pe Bọ̀dá Yẹ̀kínì síwájú àwọn àgbà. Kò jiyàn. Èmi ló kọjú sí. "Ìyá Rọ̀kí, ṣé lóòótọ́ lẹ gbọ́ ọ dé òpin?"

"Mo gbọ́ ọ dé òpin." Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Ó mí kanlẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ dé òpin tó ṣì bí yín nínú, a jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ má bínú."

Ó pa gúrúùpù náà rẹ́ níbẹ̀ níṣojú wa. Wọ́n ní kó ṣì dá ìrun pípè dúró ná, títí ọkàn Àáfáà á fi balẹ̀. Àáfáà fúnra rẹ̀ ló wá ń pè é, ohùn rẹ̀ kì í sì í dé títì. Ìyá Ṣùkúrátù, àgbà obìnrin tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, ní, "Àáfáà, ṣé ìrun lẹ̀ ń pè ni, àbí ẹ̀ ń bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ ní yàrá?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Rọ̀kíbátù kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Lọ́jọ́ kan tó ń bá mi gán bọ́tìnì sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde.

"Mọ́mì, mi ò pa ohùn yẹn rẹ́. Ẹ ní ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ fi ibi tó ti ní kò sí kádàrá hàn mí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kọjá, mo wá gbọ́ ìyókù.

"Èmi ò mọ ìdáhùn o," ni Bọ̀dá Yẹ̀kínì ń wí. "Ọmọ apẹja ni mí, ìwé tí mo kà ò tó ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọbìnrin yìí ṣe. Kò sá fún àbúrò rẹ̀. Ó ń bọ́ ọ, ó ń fà á lọ́wọ́ sọdá títì, ó ń jí wò ó bóyá ó ń mí. Ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ òpin: àbúrò náà kú. Ẹ̀gbọ́n rán an lọ pọnmi, odò gbé e lọ. Ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, 'Èmi ni mo rán an.' Ará ìlú ní, 'Dákẹ́, a ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.' Ó ní, 'Mo mọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sunkún.' Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé. Mo gbà pé Ọlọ́hun mọ ohun gbogbo. Mo sì gbà pé ẹni tó ń sunkún ò ṣe àìgbàgbọ́. Mo dìde, mo ṣe àlùwàlá, mo lọ pe àlàásárì."

Ẹsẹ̀ mi wà lórí máṣíìnì, mi ò lè tẹ̀ ẹ́.

"Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò gbọ́ ọ tán?"

Mo ní, "Bá mi na ọwọ́ mú bọ́tìnì yẹn." Ohun tí mo fi dá ọmọ mi lóhùn nìyẹn.

Mo lọ bá Bọ̀dá Yẹ̀kínì ní géètì. Ó jókòó, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta.

"Ẹ dìde o, Ìyá Rọ̀kí! Wọ́n á ní aṣọ́nà ti ń gba ìkúnlẹ̀ kó tó ṣí géètì."

"Bọ̀dá mi, irọ́ ni mo pa. Mi ò gbọ́ ọ tán."

Jíìpù kan dé, ó lọ ṣí géètì, ó kí onímọ́tò, ó tì í, ó padà wá.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ara mi," ló wí, "láti wá ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ní obìnrin yìí mọ kéú jù mí lọ, ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì ní kò dáa. Mo ti ń rò pé bóyá mi ò gba Ọlọ́hun gbọ́, kí n má sì mọ̀. Mo ti gbé páálí ìwé yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Ó wò mí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò fi gbọ́ ọ tán?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀. Aṣọ iléèwé."

"Lóṣù Ògún," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òótọ́ ni."

Nígbà tí àsàlátù pé, mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo sọ fún gbogbo wọn pé mo purọ́ mọ́ ládàánì wa. Àáfáà béèrè ohun tó fà á. Mo tún ní iṣẹ́ ló pọ̀, ìgbà ìwọlé àwọn ọmọ ló ń bọ̀. Wọ́n ní kí Ọlọ́hun forí jì wá. Ìyá Ṣùkúrátù ní, "Ó tó o! Etí wa á bọ́ lọ́wọ́ ohùn yàrá." Ẹ̀rín sọ, ó sì dà bí ẹni pé ó tán.

Ṣùgbọ́n Rọ̀kíbátù ń wò mí látorí ẹní àwọn ọmọbìnrin. Ó mọ̀ pé láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ wáàsí lórí máṣíìnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ rírán ò dí mi létí rí.

Àílà, ìrun ọ̀sán, kù díẹ̀. Àáfáà àti Bọ̀dá Yẹ̀kínì wà níta, níbi tí a to búta omi sí. Mo lọ bá wọn.

"Àáfáà, iṣẹ́ kọ́. Ìbéèrè tí Bọ̀dá Yẹ̀kínì bi yẹn, tèmi ni. Látọjọ́ tí Quadri ti kú ni mo ti ń bi í. Àgbo ni mo ń fún un nígbà tó yẹ kí n gbé e jáde. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé òun náà ò ní ní ìdáhùn, ni mo fi pa fóònù náà. Mo jẹ́ kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èmi tí mo ń kọ́ ọmọ, ọkàn mi ò balẹ̀."

Àáfáà wolẹ̀. Mo ń retí ìbáwí.

"Èmi ni mo wẹ òkú ọmọ náà," ló wí. "Mo sọ fún yín pé kádàrá ni, mo bá tèmi lọ. Mi ò padà wá béèrè bó ṣe rí lára yín." Ó nu ojú rẹ̀. "Yẹ̀kínì, pe ìrun."

Bọ̀dá Yẹ̀kínì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wúkọ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Kò tíì ṣí gúrúùpù rẹ̀ padà títí di òní. Ó ní òun ò tíì lè fọwọ́ kan páálí yẹn, mi ò sì lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́.

Mo ṣe àlùwàlá, mo wọlé, mo wá ibi tí mo máa dúró sí. Ìlà ti kún. Rọ̀kíbátù sún díẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.