Dúrọ́ọ̀mù Ilé Sájẹ́ǹtì Abdulkareem

Ọdún 1996 ni, ọdún kẹta tí Abdulkareem, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń gbé fọ́ọ̀mù ká Kaduna. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi po oògùn apakòkòrò ní bárékè, láìbo ọwọ́, láìbo imú. Kò pẹ́ tó bọ́ aṣọ ológun ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ikọ́ sì dé, kò lọ mọ́. Ó ń fẹ́ kí ìjọba gbà pé iṣẹ́ wọn ló dá àìsàn yìí sí òun lára, kí wọ́n sì máa tọ́jú òun. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í ṣáá: oògùn wo? Ìwé ilé ìkẹ́rùsí bárékè ti jóná, àwọn tí wọ́n sì jọ po oògùn ti kú tán. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ti dẹ́rù bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mairuwa tó ń ta omi ní Ungwan Dosa ń da omi sínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé wọn. Abdulkareem kàn ń wò ó ni, àfi bó ṣe pariwo pe ìyàwó rẹ̀.

"Wallahi, Àdíját! Dúrọ́ọ̀mù oògùn nìyí!"

Òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wálé lófìfo ní 1984. Ta ni kò gbé e nígbà náà? Gbogbo ìyàwó sójà ló ń tọrọ rẹ̀, torí kì í tètè dógùn-ún. Àdíját fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn fi lọ. Àkọlé oògùn ara rẹ̀ tó kọ̀ tí kò ṣí, ó yí i kọjú sí ògiri, kí àlejò má baà pe òun ní ọ̀bùn.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí Abdulkareem rántí òwe. Wọ́n da omi nù, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù sórí ọmọlanke. Ganiat, ọmọ wọn ọdún mẹ́tàlá, bá wọn gbé e. Ife ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ náà, ìyá rẹ̀ sì ti bú u pé kì í fara balẹ̀.

Bíọ́dún, akọ̀wé tó máa ń dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà, jáde wá bá wọn níwájú ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka àkọlé náà, ó tún un kà.

"Bàbá, ẹ kú oríire. Ẹ̀rí ti dé, fọ́ọ̀mù yín á kọjá." Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé tó bá ti ṣófo, kí wọ́n dá a lu, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀. Kí lẹ fi ń ṣe látọjọ́ yìí?"

"Omi mímu la ń pọn sí i."

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu Abdulkareem kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ̀rù bà á débi pé ó di ọmọlanke mú. Ife tó bọ́ lọ́wọ́ Ganiat ló wá sí i lọ́kàn.

"Ọmọ mi ńkọ́? Ibo ni kí n kọ orúkọ tiẹ̀ sí?"

Bíọ́dún yí fọ́ọ̀mù náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Kò sáyè rẹ̀, Bàbá. Ti sójà nìkan ni."