Ààwẹ̀ Tí Ìyá Àgbà Gbà Nígbà Ooru

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ó rántí. Ilẹ̀ á máa jó wa lẹ́sẹ̀, odò á gbẹ, àwa ọmọbìnrin á sì máa jí lọ pọnmi láfẹ̀mọ́júmọ́. Inú yanrìn la ti ń gbẹ́ ihò, tí a ó máa fi ahá bu omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìkòkò á fi kún. Ẹni tó bá wá kọsẹ̀ lọ́nà tó da omi nù, ó di ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn nìyẹn, ọwọ́ méjèèjì lókè. Èmi kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí orúnkún mi fi yi bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀.

A mọ bí a ṣe ń bá ooru yí i. A ó wọ́n omi sílẹ̀ yàrá, a ó ká ẹní lọ sábẹ́ igi máńgòrò, a ó da omi àmù tó tutù nini sí gààrí, a ó fi ẹ̀pà jẹ ẹ́. Háà, gààrí ìgbà yẹn! Nígbà tí ilé wa ṣì jẹ́ ilé koríko, ọ̀sán gan-an kò lè rí wa mú níbẹ̀. Àfi ìgbà tí bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, rí owó díẹ̀ kó jọ, ló bá fi páànù bo ilé. Òun ni àkọ́kọ́ ní agboolé wa, a sì ń yangàn kiri. Kò ṣe àjà sí i. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé la tó mọ ohun tí a rà. Ooru a máa ti òkè rọ̀ lé wa lórí bí ẹni wà nínú ààrò.

Ọdún yẹn náà ni ààwẹ̀ bọ́ sí àárín ooru. Ààbọ̀ ọjọ́ ni àwa ọmọdé ń gbà, a sì tún ń jí omi mu nínú ẹ̀. Tí a bá bu omi sẹ́nu nígbà àlùwàlá, díẹ̀ á ti yọ́ gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í ṣe ẹni à ń tàn. Á ní, "Àbẹ̀kẹ́, àlùwàlá lò ń ṣe ni, àbí o ń mumi?" Á wá rẹ́rìn-ín títí eyín méjì tó kù á fi hàn.

Ó ti darúgbó gan-an nígbà náà. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ààwẹ̀ sílẹ̀, pé àlùfáà ti ní kí a máa bọ́ aláìní kan lójúmọ́ dípò rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Kí n wá dé ọ̀run, kí wọ́n bi mí léèrè ààwẹ̀, kí n ní ooru ló mú? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí èmi ò bá gbà á, ta ni yóò gbà á nínú ilé yìí?"

Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn sààrì ọjọ́ kìíní, ó pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, òǹgbẹ máa ń sọ àgbà dọmọdé. Tí mo bá ní kí o fún mi lómi kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, má fún mi. Tí mo bá bú ẹ, má fún mi. Kódà tí mo bá sunkún, má fún mi o." Ó ní kí n búra. Mo fi ìka kan ahọ́n, mo nà án sókè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Ló bá di eré láàárín wa. Lọ́sàn-án á bẹ̀ mí lómi, n ó kọ̀, á pè mí ní ìkà, n ó máa rẹ́rìn-ín. Nígbà ìṣínu, á mú àkàrà tirẹ̀ fún mi, á ní, "Àbẹ̀kẹ́ ló gba ààwẹ̀ yìí fún mi." Inú mi a máa dùn débi pé n kì í jí omi mu mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí ààwẹ̀ ti ń lọ sópin, ìyá mi ti wọ ọkọ̀ lọ tajà ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà nìkan la wà nílé. Ooru ọjọ́ náà kò ní àfiwé. Páànù ń ké pọ́ún-pọ́ún lókè. Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, mo ń rẹ aṣọ sómi, mo ń tẹ́ ẹ sí i láyà. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, omi." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fún yín mà." Ó bú mi. Mo lọ jókòó síwájú àmù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, omijé kò jáde. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé ó ti sọ ìyẹn náà tẹ́lẹ̀. Mi ò dìde.

Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Mo fọwọ́ kàn án, kò làágùn mọ́, ara rẹ̀ gbẹ, ó sì gbóná. Mo rò pé ó sùn. Mo yọ̀ pé a ti ṣẹ́gun tòní náà. Bí mo ṣe gbọ́ ìpè ìrun báyìí, mo bu omi kún igbá, mo sáré gbé e tọ̀ ọ́ lọ, mo gbé orí rẹ̀ sókè, mo gbé igbá sí i lẹ́nu. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣàn sórí ẹní.

Gbogbo agboolé ló rọ́ wá. Àwọn àgbà obìnrin ní, "Inú ààwẹ̀ ló kú sí! Irú ikú báyìí ni kí Ọlọ́run fi pa wá o." Bàbá mi gbé mi lé itan, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi pé mo dúró ti ìyá òun. Ọdún ń gorí ọdún, bàbá mi náà kú, n kò sọ fún un pé ìyá rẹ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí. Títí dòní ló ń dùn mí.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Ilé wa ní àjà, fáànù ń fẹ́, omi dídì wà nínú fíríìjì, àwọn àlùfáà ń sọ ọ́ lórí rédíò pé aláìsàn àti arúgbó kò gbọdọ̀ pa ara wọn sórí ààwẹ̀. Dókítà ti ní kí èmi náà má gbà á mọ́. Lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀ tó kọjá, mo ní ó wù mí kí n tún gba ẹyọ kan péré. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ní, "Màmá, ẹ gbà á, màá máa ṣọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún yín lómi, mi ò ní fún yín."

Mi ò mọ ìgbà tí mo jágbe mọ́ ọn. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ sáré jáde, ó ní, "Màmá, kí ló ṣe yín?" Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni, ohun tí a bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe.